Lẹ́tà Tí Ó Ń Gba Ọwọ́ Ẹlòmíràn Wá

Àwọn àgbà tí wọ́n dàgbà ní Fìdítì, ní Ìlọrà àti ní Awẹ́ kò ní ṣàì rántí ìgbà tí lẹ́tà láti ìdálẹ̀ máa ń gba ọwọ́ ọ̀gá ilé-ìwé tàbí àlùfáà ìjọ wá, nítorí pé ẹni tí kò ní àpótí lẹ́tà ti ara rẹ̀ níláti lo ti ẹlòmíràn. Bí ọ̀gá bá wà nílé, lẹ́tà a dé wéré. Bí ó bá lọ sí ìsinmi ńkọ́?

A fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin tíṣà, fi èyí sọ́kàn bí a ti ń sọ̀rọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Nii Quaynor, ọmọ ilẹ̀ Gánà tí a bí ní ọdún 1949.

Kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí ó bá wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì níláti ní nọ́ńbà, bí ilé ti í ní nọ́ńbà lójú pópó. Láìsí i, kò sí ibi tí a ó fi èsì ránṣẹ́ sí. Nọ́ńbà ti àtijọ́ kò tó bílíọ̀nù 4.3 ní gbogbo àgbáyé. Títí di ọdún 2005, Áfíríkà kò ní ilé tirẹ̀ tí ń pín in. Lọ́wọ́ àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni a ti ń tọrọ rẹ̀. Lẹ́tà wa ń gba ọwọ́ ẹlòmíràn wá.

Ara ti tu Quaynor ní Amẹ́ríkà. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní 1977, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation, tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà. Síbẹ̀ ó lọ́wọ́ sí dídá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Yunifásítì Cape Coast, nígbà tí ó sì padà wálé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Accra ni wọ́n so Gánà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kí ọdún 1995 tó parí. (Ní March ọdún náà gan-an ni a kọ orúkọ Nàìjíríà, .ng, sílẹ̀, obìnrin kan, Ìbùkún Odùṣọtẹ̀ ti Yaba College of Technology, ni ó ṣe aṣojú wa. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ ọ́n.)

Ṣùgbọ́n wáyà nìkan kọ́ ni a fi ń yìn ín. Tíṣà ni. Ó wà lára àwọn tí wọ́n dá AfNOG sílẹ̀, èyí tí ó kọ́kọ́ péjọ ní Cape Town ní 2000: àwọn ẹnjiníà Áfíríkà ń kó ara wọn jọ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, wọ́n ń kọ́ ara wọn bí a ti ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ àti bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí a ti ní àwọn ènìyàn, a lè kọ́ ilé. Ní 2005 ni AFRINIC, ilé tí ń pín nọ́ńbà fún Áfíríkà, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Mauritius, gba àṣẹ. Quaynor ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀bùn Postel tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 2007.

Ilé náà ti rí ìjì. Ní 2021, ẹjọ́ mú kí kóòtù ti owó rẹ̀ pa ní báńkì. Ní 2023, kóòtù yan alámòójútó lé e lórí. Ó di September 2025 kí a tó dìbò yan ìgbìmọ̀ tuntun.

Ọmọ Fìdítì tí ń ta ọsàn lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ ní fóònù lọ́wọ́. Ilé-ìwé tí tíṣà ti ń fi ẹfun ya kọ̀ǹpútà sára pátákó kò ṣọ̀wọ́n ní ìgbèríko wa, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ti ti ẹ̀rọ mọ́ yàrá nítorí àìsí iná. Ẹ̀yin olólùfẹ́ ẹgbẹ́, bí àwọn tí ń wá ìbò bá tún wá ṣèlérí kọ̀ǹpútà, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí yóò kọ́ tíṣà. Kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́kọ́ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ káàkiri.