4 A tí kò tó gílóòbù kan

Ní ilé ìgbẹ̀bí abúlé wa, lẹ́bàá Kétu, bátìrì kékeré ni a fi ń tan iná lálẹ́. 3,7 V ni bátìrì náà, ṣùgbọ́n 12 V ni gílóòbù ń fẹ́. V dúró fún fọ́ltì, agbára tí ń ti iná síwájú. A dúró fún áńpíà, ìwọ̀n iná tí ń ṣàn kọjá. Ẹ óò rí lẹ́tà méjèèjì yìí lára ọ̀pọ̀ ohun èlò iná.

Èmi ni wọ́n rán lọ sọ́jà láti ra pátákó kékeré tí ń gbé fọ́ltì sókè. Ṣíìpù dúdú kan wà lórí rẹ̀, MT3608 ni wọ́n ń pè é. Ìwé rẹ̀ sọ pé òpin rẹ̀ jẹ́ 4 A. 1 A péré ni gílóòbù wa ń mu. Mo ní ó tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù 3.

Ní òru ọjọ́ kẹta, obìnrin kan ń rọbí lọ́wọ́ nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ó sì kú. Ìyá agbẹ̀bí fi ẹnu di tọ́ọ̀ṣì mú kí ọwọ́ rẹ̀ lè ráyè. Ọmọ náà wálẹ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n ojú tì mí.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé pátákó náà lọ bá bàbá tí ń tún rédíò ṣe.

«Olùkọ́, níbo ni ẹ rò pé 4 A yìí wà?»

«Níbi tí iná ti ń jáde ni, Bàbá.»

«Rárá o. Níbi tí ó ti ń wọlé ni.»

Ẹ wo ẹni tí ń gba owó wẹ́wẹ́, tí ń fi owó ńlá rọ́pò rẹ̀. Ẹ fún un ní 25 F mẹ́rin, ó fún yín ní 100 F kan, ó sì yọ owó iṣẹ́ rẹ̀. Òpin ṣíìpù ni iye owó wẹ́wẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lè gbà. Kì í ṣe iye owó ńlá tí yóò kó fún yín.

Ẹ mú gègé, kí a ṣírò rẹ̀. 12 V × 1 A = 12 W: ohun tí gílóòbù ń jẹ nìyẹn. Ẹ pín 12 sí 3,7: ó jẹ́ 3,2 A. Ṣùgbọ́n ṣíìpù máa ń sọ díẹ̀ di ooru. Bí 15 nínú 100 bá ṣòfò, 3,8 A ni yóò máa wọlé. Nígbà tí bátìrì bá rẹ̀ dé 3,2 V, yóò di 4,4 A. Ìdí nìyí tí iná fi kú ní òru, tí kì í kú ní ìrọ̀lẹ́.

Iná inú wáyà kíká orí pátákó náà kì í sì í dúró lójú kan. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀, ju ìgbà mílíọ̀nù kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tó ga jù ni òpin ń wò. Ní tèmi, n kò tún ní jìnnà ju ìdajì òpin lọ mọ́.

A ra pátákó mìíràn, a so bátìrì méjì tẹ̀lé ara wọn, ó di 7,4 V. Báyìí, nǹkan bí 1,9 A ló ń wọlé. (Ẹ̀rọ tí ń fi iná sí bátìrì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti bátìrì méjì náà. Ti ẹyọ kan kò bá a mu.)

Bàbá tún fi fíúsì sí ẹnu bátìrì. Bí wáyà méjì bá kan ara wọn níbi gílóòbù, òpin ṣíìpù kò lè dá iná dúró, nítorí ọ̀nà kan wà lórí pátákó tí iná bátìrì ń gbà kọjá tààrà. Fíúsì ló ń gé e.