Kí Ló Ya Akọni Òmùwẹ̀ Sọ́tọ̀?

Nígbà òjò, tí omi bá kún odò agbègbè wa, kì í pẹ́ kí a tó mọ ọmọ tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ jù lọ. A ó ní a bí i mọ́ ọn ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí a wo Éric Moussambani, ọmọ Guinée Équatoriale. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 2000 ní Sydney, òun nìkan ló ku láti la mítà 100 já, nítorí àwọn méjì tó yẹ kó bá a díje ti bẹ́ sómi kí àkókò tó tó. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, nínú adágún kékeré ilé ìtura kan. Kò sì rí adágún onímítà 50 rí kó tó dé ibẹ̀. Ó lo ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 52.72. Ní ìdíje kan náà, Pieter van den Hoogenband, ọmọ Hóláńdì, lo ìṣẹ́jú àáyá 47.84.

Àwọn kan fi Moussambani rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi omi sílẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin, àkókò rẹ̀ ti já sí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 57. Apá kan náà ni, ẹsẹ̀ kan náà ni. Ọ̀nà tó ń gbà lò wọ́n ló yí padà.

Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800. Ẹni tó bá ń bá a jà ni yóò rẹ̀. Òmùwẹ̀ lásán a gbé orí sókè kó lè mí, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì rì. Akọni a na ara rẹ̀ gbọọrọ, a yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti fa èémí, a sì mí i jáde sínú omi.

Daniel Chambliss, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, bá àwọn òmùwẹ̀ gbé. Ní ọdún 1989 ó kọ ọ́ pé kì í ṣe ẹ̀bùn àràmàǹdà ló ń sọ wọ́n di akọni, bí kò ṣe àwọn ohun kéékèèké tí wọ́n ń ṣe dáadáa títí yóò fi mọ́ wọn lára.

Ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní Beijing ní ọdún 2008. Omi kún inú awò ojú Michael Phelps nígbà tó ń lúwẹ̀ẹ́ bíi labalábá fún mítà 200. Kò ríran mọ́, àmọ́ ó ti mọ iye ìgbà tí yóò na apá kó tó kan ògiri. Ó ń kà á, ó sì gba góòlù ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 52.03: nǹkan bí àkókò tí Moussambani fi la mítà 100 já ni òun fi la 200 já.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Ẹ má ṣe dá wọ odò tó kún, ẹ má sì fi odò dán agbára wò. Níbi tí omi kò ti jìn, lójú àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n, ẹ kọ́ bí a ti ń mí lónìí, kí ẹ sì kọ́ bí a ti ń tẹ́ ara lọ́la. Bí àwọn akọni náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.