Kẹ̀kẹ́ Oníná Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Tó Ní Ilẹ̀kùn: Ṣé Ó Wúlò, Ṣé Òfin Sì Gbà Á?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i lórí fóònù yín. Ó jọ kẹ̀kẹ́ Marwa tí wọ́n gé kù sí ìdajì: ó ní ilẹ̀kùn, ó ní gíláàsì àti wáípà níwájú, ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó sínú rẹ̀. Òjò ń rọ̀ níta, kò kàn án. Ẹni tó ń tà á wá kọ ọ́ sábẹ́ fídíò pé iná mànàmáná ló ń lò, pé kò nílò laisẹ́ńsì, kò nílò nọ́ńbà, kò nílò insọ́ránsì. Àwọn ará wa ní ìlú ọba, pàápàá àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri nínú òtútù, ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń wọ̀ lára jù. Ṣé òótọ́ ni?

Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bá jẹ́ òótọ́ fún kò ní lágbára tó bí ẹ ṣe rò, èyí tó bá sì lágbára, irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí òfin. Ní England, Scotland àti Wales, nǹkan oníná lè jẹ́ kẹ̀kẹ́ lásán lójú òfin tó bá pé ohun mẹ́rin. Ó gbọ́dọ̀ ní pẹ́dàlì tó lè gbé e rìn lóòótọ́. Agbára tí mọ́tò rẹ̀ lè máa mú wá láìdúró kò gbọdọ̀ ju wáàtì 250 lọ. Mọ́tò náà gbọ́dọ̀ jáwọ́ tí eré bá ti dé máìlì 15.5 ní wákàtí kan, ìyẹn kìlómítà 25. Ẹni tó ń gùn ún sì gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 14. Ẹsẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kò sí ìyàtọ̀. Òfin náà kò sì sọ pé kí ilẹ̀kùn má wà. Ohun tó ń dí irú ọkọ̀ báyìí lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ni ìwúwo: títí di oṣù kẹrin ọdún 2015, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò gbọdọ̀ wúwo ju kìlógíráàmù 60 lọ. Ìgbà tí wọ́n yọ ìyẹn kúrò ni ọ̀nà tó là.

Ibi tí wàhálà wà ni pẹ́dàlì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ́dàlì ojú ayé ló ní. Ẹ ò lè fi gbé e kúrò lójú kan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí iná sí i bíi ti ọ̀kadà. Lábẹ́ òfin, tí ẹ ò bá wa pẹ́dàlì, mọ́tò kẹ̀kẹ́ lè tì yín dé kìlómítà 6 péré ní wákàtí kan. Tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí wọ́n ti yẹ irú ọkọ̀ náà wò kí wọ́n sì fọwọ́ sí i kó tó délẹ̀ títì. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni lójú ọlọ́pàá. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì sì túmọ̀ sí nọ́ńbà láti ọ̀dọ̀ DVLA, laisẹ́ńsì àti insọ́ránsì. Tí wọ́n bá mú yín láìní insọ́ránsì, owó ìtanràn tí wọ́n sábà máa ń já ni £300 pẹ̀lú póìǹtì 6 lórí laisẹ́ńsì, wọ́n sì lè gbé ọkọ̀ náà lọ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì tó gba laisẹ́ńsì mọ́tò rẹ̀, póìǹtì 6 yẹn nìkan tó láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹ wo bí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ní kò nílò laisẹ́ńsì ṣe lè gba laisẹ́ńsì mọ́tò lọ́wọ́ èèyàn.

Ó dáa, ká ní ẹ ra èyí tó bófin mu. Báwo ló ṣe máa rìn? Mo jókòó ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ọkọ̀ náà àti ẹrù jẹ́ kìlógíráàmù 170, ẹni tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ 80. Àpapọ̀ 250. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, láti sá eré kìlómítà 25 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ tó ń kọlù ú níwájú àti bí táyà ṣe ń fà sẹ́yìn máa gba nǹkan bíi wáàtì 330. Mọ́tò mú 250 wá, ẹsẹ̀ yín mú 80 wá. Ìyẹn kò burú, ẹ ò ní làágùn púpọ̀.

Ẹ wá dé ibi òkè, òkè tó ń ga mítà 5 nínú gbogbo mítà 100. Kì í ṣe òkè ńlá rárá. Ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa kìlógíráàmù 250 yẹn padà. Wáàtì 250 kò ní lè tì í ju bíi kìlómítà 6 lọ ní wákàtí kan. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kò ní jìnnà sí yín. Lóòótọ́, òfin gba mọ́tò láàyè láti lo agbára tó ju 250 lọ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n lórí òkè tó gùn, mọ́tò á gbóná. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi ń fi mọ́tò wáàtì 1000 sí i. Kì í ṣe olè ló wà lọ́kàn gbogbo wọn, àpótí náà ló wúwo.

Bátìrì ni ibi tí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù. Bátìrì fóòtì 48, ampere 20 fún wákàtí kan, jẹ́ wáàtì-wákàtí 960. Tí a bá yọ ti òkè àti ti ìdúró níbi iná ojú títì, kìlómítà 40 ni mo máa fọkàn sí. Ìyẹn bíi ìdá kan nínú mẹ́fà ohun tí mọ́tò oníná ń jẹ fún kìlómítà kan. Ẹ sì lè yọ bátìrì ẹ gbé e wọlé lọ ṣáájì. Ó ṣe pàtàkì, torí kò sẹ́ni tó lè gbé ọkọ̀ náà gun àjà kẹta. Àmọ́ ẹ má ṣáájì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, ẹ má sì ra bátìrì jákujàku: àwọn panápaná London ti kìlọ̀ títí lórí iná bátìrì kẹ̀kẹ́.

Ilẹ̀kùn náà ní tirẹ̀. Ẹni tó ń wa pẹ́dàlì ń mú ooru jáde, ó sì ń mí. Nínú àpótí tó padé, gíláàsì á bò ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Tí ẹ bá tan hítà wáàtì 1000, bátìrì á tán láàárín wákàtí kan láìtíì rìn. Afẹ́fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ tún ń bẹ. Ògiri tó fẹ̀ tó mítà méjì níbùú lóròó, tí ìjì mítà 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bá kọlù ú, bí ẹni gbé ẹrù kìlógíráàmù 27 tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Èyí tó ní táyà kan níwájú ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù: tí ẹ bá tẹ bíréèkì nígbà tí ẹ ń yà, ìwúwo á sáré lọ sí iwájú, níbi tí táyà kan ṣoṣo wà, kò sì ní ohun tó máa dá a dúró kó má yí. Èyí tó ní méjì níwájú ń fara dà á dáadáa.

Ẹnì kan ti gbìyànjú irú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kìíní ọdún 1985, Clive Sinclair, ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà ZX Spectrum, gbé C5 jáde ní Alexandra Palace ní London. Ẹsẹ̀ mẹ́ta, wáàtì 250, £399, ọmọ ọdún 14 lè gùn ún láìní laisẹ́ńsì. Ó bófin mu láti òkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú kìlógíráàmù 60 tí òfin ìgbà yẹn gbà, níbo lèèyàn fẹ́ fi òrùlé àti ilẹ̀kùn sí? Orí ẹni tó gùn ún wà níta nínú òtútù, ó sì rẹlẹ̀ débi pé ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn pé awakọ̀ tírélà kò ní rí wọn. Kí oṣù kẹjọ ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà míì ni wọ́n gbà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ń ka táyà: tí kò bá ju mẹ́ta lọ, alùpùpù ni, bó tilẹ̀ ní ilẹ̀kùn àti rédíò. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè ta Solo, ọkọ̀ oníná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún ẹnì kan, tó lè sáré máìlì 80 ní wákàtí kan, láìní láti pé gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mọ́tò. Ní 2023, ElectraMeccanica ní kí àwọn tó ra 429 tó wà níta dá a padà kí wọ́n gba owó wọn, torí ó lè pàdánù agbára lójijì lórí ìrìn.

Ẹ̀yin tó wà l'Ékòó, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń kà níbẹ̀ náà. Nígbà tí ìjọba lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní oṣù kejì ọdún 2020, kẹ̀kẹ́ ni kẹ̀kẹ́. Ká má tíì sọ ti oòrùn ọ̀sán nínú àpótí gíláàsì tí kò ní A.C.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ ra ọ̀kan ní ìlú ọba, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò àkọlé ara rẹ̀ ránṣẹ́. Òfin ní kó wà níbẹ̀: agbára mọ́tò tàbí orúkọ ẹni tó ṣe é, àti fóòtì bátìrì tàbí eré tó lè sá jù. Kí ẹ tún ní kó fi fídíò hàn yín bó ṣe ń rìn pẹ̀lú pẹ́dàlì nìkan, bátìrì kò sí nínú rẹ̀.