Éríà Inú Yàrá fún Rédíò Ìgbì Kúkúrú

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó iṣu àti àgbàdo wá sí Ọjà Tuntun ní Ìlọrin, tí ẹ sì ń sùn sí yàrá nítòsí ọjà, tiyín ni ọ̀rọ̀ tòní.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ni àgbẹ̀ ń fi ìgbì kúkúrú ṣe, ìyẹn ibi tí wọ́n kọ SW sí lójú rédíò, nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ìjọba pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ní ìpínlẹ̀ Zamfara nítorí àwọn agbébọn. Fóònù ò lè mú ìròyìn wá mọ́. Ìgbì kúkúrú ò nílò òpó nítòsí. Òkè ló ń lọ, ojú sánmà a sì dá a padà sí ibi tó jìnnà. Ọ̀nà yìí ni BBC gbà bẹ̀rẹ̀ ètò èdè Hausa ní 1957. Òun náà ni Radio Kudirat gbà sọ̀rọ̀ sí wa láti ẹ̀yìn odi ní 1996, nígbà ìjọba Abacha.

Láàrin ìlú, ariwo ló ń bo ohùn mọ́lẹ̀. Gílóòbù LED, ṣájà fóònù àti ínfátà ló ń fa èyí tó pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pa tiyín ná. Bí ariwo kò bá lọ, ẹ má sáré na wáyà gígùn sórí páànù. Yóò kó ariwo aládùúgbò wá, onílé lè bínú, mànàmáná sì lè bá a. Éríà onígun mẹ́rin yìí kéré, inú yàrá ló ń gbé, ó sì lè kọ ariwo.

Ohun tí ẹ ó wá:
1. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà kan àti ààbọ̀.
2. Wáyà iná ilé 1.5, mítà 7.
3. Ẹ̀yà inú rédíò tó ti kú tí à ń yí láti fi wá ilé iṣẹ́. Ẹ ní kí atúnrédíòṣe yọ ọ́, kí ó so ẹsẹ̀ méjì ẹ̀gbẹ́ pọ̀ di ọ̀kan, kí ó fi ti àárín sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é:
Ẹ gbé igi méjèèjì dábùú ara wọn, ẹ kàn wọ́n níṣòó láàrin. Ẹ fi wáyà mítà 4 yí orí igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan. Kí ẹnu wáyà méjèèjì má kan ara wọn. Igun ẹ̀gbẹ́ kan ni kí wọ́n parí sí, kí ẹ so ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ tí a so pọ̀, èkejì mọ́ ti àárín.

Ẹ fi wáyà tó kù ṣe onígun mẹ́rin kékeré, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ dì í mọ́ igun ìsàlẹ̀, nínú ti ńlá, kí irin wọn má kanra. Ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ dé ìdí rédíò. So ọ̀kan mọ́ ọ̀pá éríà, èkejì mọ́ irin tí ìdí bátìrì ń kàn. Bátìrì nìkan ni kí rédíò náà máa lò. Ẹ má ki í bọ iná rárá.

Ẹ fi okùn so éríà náà rọ̀ lẹ́bàá fèrèsé, lẹ́yìn kọ́tìnì. Àlejò kò ní rí i. Ẹ wá ilé iṣẹ́ lórí rédíò, kí ẹ rọra yí ẹ̀yà náà títí ohùn yóò fi là ketekete. Lẹ́yìn èyí, ẹ yí éríà fúnra rẹ̀. Etí rẹ̀ ló ń gbọ́ràn, ojú rẹ̀ kò gbọ́. Ojú gbalasa yẹn ni kí ẹ kọ sí ibi tí ariwo ti ń wá, ariwo yóò sì rọlẹ̀.

Láti mítà 49 dé mítà 25 ni yóò ṣiṣẹ́ fún yín. Ní alẹ́, ẹ gbìyànjú mítà 49, 41 àti 31. Ní ọ̀sán, mítà 25.

Bí òjò bá ṣú, ẹ yọ wáyà kúrò lára rédíò kí ààrá tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó kan wáyà NEPA láéláé.

Etí tó bá gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.