Bí Títì Bá Fẹ́ Gba Inú Ilé Kọjá

Ilé fún mọ́ ara wọn ní Surulere, Yaba àti Mushin débi pé títì ńlá kò lè gbòòrò níbẹ̀ kí ó má gba ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan. Bí ìjọba bá fẹ́ fẹ ojú Ìkòròdú Road, Agége Motor Road tàbí Funsho Williams Avenue tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Western Avenue, àmì ọ̀dà pupa lára ògiri ni ọ̀pọ̀ èèyàn yóò kọ́kọ́ rí. Kíá ni ìròyìn á ti tàn kálẹ̀ pé wọ́n ti máàkì ilé.

Surulere kò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1955, àjọ Lagos Executive Development Board (LEDB), tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1928, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàrin Erékùṣù Èkó, ó sì ń kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Surulere. Onímọ̀ kan, Peter Marris, tọ àwọn ìdílé náà lọ, ó sì tẹ ìwé jáde nípa wọn ní 1961. Ilé tuntun náà láyè ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ń tajà pàdánù oníbàárà, mọ̀lẹ́bí túká, owó ọkọ̀ sì ń jẹ owó oúnjẹ. Àwọn ará Èkó fi ẹ̀hónú hàn gidigidi, ètò náà kò sì parí bí wọ́n ṣe gbèrò rẹ̀.

Títí dòní, òfin kò ka irú àdánù bẹ́ẹ̀ sí. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ nítorí ire ìlú. Owó gbà-má-bínú wà fún ilé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ iye tí ogbó ilé jẹ kúrò. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ju owó ilẹ̀ tí onílé san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gba ilẹ̀ náà. Bí àríyànjiyàn bá wà lórí iye owó, abala 47 òfin yìí kò fẹ́ kí ilé ẹjọ́ dá sí i. Abala 44 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ni lọ́yà àdúgbò lè dì mú: ó ní kí wọ́n tètè sanwó, kí ẹni tọ́rọ̀ kàn sì lè lọ sí ilé ẹjọ́.

Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù ni ohùn ẹgbẹ́ àdúgbò wúlò jù. Òfin tó de àyẹ̀wò àyíká, ti 1992, sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n yẹ ipa títì márosẹ̀ wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì máa ń gbé àbọ̀ rẹ̀ síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè sọ tẹnu wọn. Ẹgbẹ́ tó bá kọ̀wé lásìkò yẹn, tó ka iye ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìwé tó wà lójú ọ̀nà náà, ti ṣe ju ẹgbẹ́ tó dúró de katapílà lọ, nítorí ìlà orí pláànì ṣì ṣeé yí. Ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ sọ pé nígbà tí òun yí ojú ọ̀nà Afárá Kẹrin (Fourth Mainland Bridge) padà, iye ilé tí yóò lọ sí i dín láti nǹkan bíi 4,000 sí nǹkan bíi 800.

Ti ayálégbé ló dunni jù, nítorí òfin 1978 kò rántí ẹni tó háyà yàrá tàbí ṣọ́ọ̀bù. Síbẹ̀, bí owó bá ti ọ̀dọ̀ Báńkì Àgbáyé wá, ìlànà báńkì náà ka ayálégbé àti ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀ sí. Ní oṣù kejì ọdún 2013, wọ́n wó ilé ní Badia, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjọra, ní agbègbè kan tí báńkì náà ń yá Èkó lówó láti tún ṣe. Àwọn ará Badia gbé ẹjọ́ wọn lọ bá báńkì náà, ìjọba sì sanwó fún ayálégbé pẹ̀lú onílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ní owó náà kéré sí ohun tí àwọn pàdánù.