Kí Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Tó Lágbára Sí I: Ohun Tó Yẹ Kí Ọlọ́kọ̀ Mọ̀ Kó Tó Náwó

Ó ti ṣe díẹ̀ tí àwọn tó ń wá yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fi ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú ìwé wọn: "Mo fẹ́ fi tún ẹ́ńjìnì ṣe kí ọkọ̀ mi lè lágbára." Àwọn kan nínú wọn ń kó gaàrí àti ata láti ọ̀nà Àtan wá sí Ìjù àti Sango, àwọn mìíràn ń gbé ẹrù ilé iṣẹ́ láti Ọ̀tà lọ sí Èkó. Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó wá ní kí àwa ní ọ́fíìsì kọ àlàyé, nítorí kò bójú mu kí a máa yá ènìyàn lówó lórí ohun tí kò yé àwa fúnra wa. A jókòó ti àwọn mẹkáníìkì, a bi wọ́n léèrè dáadáa, a sì tún rántí ohun tí ojú ẹgbẹ́ yìí ti rí. Ohun tí a rí kó jọ nìyí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí agbára ọkọ̀ ti ń wá. Ẹ́ńjìnì kì í ṣe nǹkan mìíràn ju ibi tí a ti ń sun epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Písítìnì á kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀, á fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé. Á padà sókè, á fún wọn pọ̀ mọ́ra. Púlọ́ọ̀gì á ṣáná sí wọn, iná náà á sì ti písítìnì sísàlẹ̀ pẹ̀lú ipá. Èyí nìkan ni agbára tó ń yí táyà. Nígbà tó bá tún gòkè, á ti èéfín jáde sí sáléńsà. Kí kílò epo pẹtiróòlù kan tó lè jóná tán, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó wọn nǹkan bíi kílò 14.7. Ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ gan-an ni oúnjẹ ẹ́ńjìnì, epo dà bí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Ẹni tó bá ń da epo sí i láìsí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó, èéfín dúdú ló ń rà, kì í ṣe agbára.

Nítorí náà ohun mẹ́rin ni ká máa bi mẹkáníìkì wa: ṣé afẹ́fẹ́ àti epo ń wọlé bó ṣe yẹ? Ṣé písítìnì ń fún wọn pọ̀ dáadáa? Ṣé iná ń ṣá lásìkò? Ṣé èéfín ń ráyè jáde? Èyí tí kò bá dára nínú mẹ́rin yìí ni kí a tún ṣe.

Àwọn tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ á rántí pick-up Peugeot 504 tí a fi ń kó ọjà nígbà kan. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to 504 ní Kàdúná, ó sì pọ̀ lójú títì wa débi pé kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n tú. Tiwa kò lè gbé ẹrù gun orí afárá Sango mọ́ láìsí pé a wọ jíà kìn-ín-ní. Mẹkáníìkì kan (a ò ní dárúkọ rẹ̀) ní òun á "túúnì" rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló ṣe. Ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín lu ihò kábúrétọ̀ kí ó tóbi sí i. Ó yí dìsìtíríbútọ̀ síwájú kí iná lè máa yá ṣá. Ó yọ tẹmositáàtì sọnù, ó ní ilẹ̀ wa ti gbóná tó, kí là ń fi í ṣe?

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ náà fi ń sáré bí ẹṣin. Inú wa dùn, a tún fún un lówó ọtí. Lẹ́yìn náà, bí a bá ti ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ́ńjìnì á máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń gbọn ẹyọ owó nínú agolo. A ní kò sí nǹkan. Kò pé oṣù kan tí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì fi já, tí orí ẹ́ńjìnì tẹ̀, tí písítìnì kan sì lu. Owó àtúnṣe yẹn wà lára ìdí tí èrè tí a pín lọ́dún náà fi kéré. Àwa tí a wà ní ọ́fíìsì nígbà náà kò là á yé yín tó ní ìpàdé gbogbogbòò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máà bínú.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Iná púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ṣá díẹ̀ kí písítìnì tó dé òkè pátápátá, nítorí epo kì í jó tán lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti yá jù, iná á máa ti písítìnì sísàlẹ̀ nígbà tí ó ṣì ń gòkè bọ̀. Ẹ wo ènìyàn méjì tí ń gún iyán nínú odó kan: bí ọmọ odó ọ̀kan bá sọ̀ kalẹ̀ kí tèkejì tó kúrò nílẹ̀, wọ́n á kọlu ara wọn. Ìró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ yẹn ni ìkọlù náà. Ooru rẹ̀ lè lu písítìnì, ó sì lè fọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì. Ti kábúrétọ̀, epo tó pọ̀ jù ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri ibi tí písítìnì ti ń rìn, ó sì ń ṣàn lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀, á wá ṣàn bí omi. Ti tẹmositáàtì, kì í ṣe ooru ìlú ló wà fún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná dé ibi tí wọ́n ṣe é sí, nǹkan bí ìwọ̀n 82 sí 88 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ́ńjìnì tí kì í gbóná dé ibẹ̀ ń mu epo jù, ríǹgì rẹ̀ sì ń tètè jẹ. Títí dòní ni wọ́n ń yọ nǹkan yìí sọnù fún yín, ẹ sì ń sanwó iṣẹ́ lé e lórí!

Èyí tó dùn wá jù ni pé nígbà tí mẹkáníìkì kejì tú u, ó fi hàn wá pé fáàfù èéfín kan ló ti jóná tẹ́lẹ̀, nítorí pé àyè rẹ̀ ti há, kò lè padé mọ́. Ohun tó mú kí ọkọ̀ wa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fáàfù kan ṣoṣo! Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá bá adìẹ wí.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọkọ̀ yín, ẹ ní kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kó tú gbogbo púlọ́ọ̀gì, kó tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ̀yin náà wò ó. Èyí tí ẹnu rẹ̀ pọ́n bí awọ ẹran gbígbẹ, ara rẹ̀ dá. Èyí tó dúdú tó sì gbẹ bí èédú ìdí ìkòkò, epo ti pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ ti kéré. Èyí tó dúdú tó sì ń yọ̀, ọ́ìlì ń jò wọ inú. Èyí tó funfun bí ẹfun, ooru ti pọ̀ jù níbẹ̀, bóyá nítorí pé epo kéré tàbí iná ń yá jù. Ojú á ti sọ ìdajì ẹjọ́ fún yín.

Ìdajì kejì wà lẹ́nu géèjì tí wọ́n fi ń wọn bí písítìnì ṣe ń fúnpọ̀. Wọ́n á fi sí ihò púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tẹ ẹsẹ̀ mọ́ epo pátápátá, wọ́n á sì fi sítáàtì yí ẹ́ńjìnì. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì pẹtiróòlù tí ara rẹ̀ dá, á fi nǹkan bí 120 sí 180 hàn lórí òṣùwọ̀n psi. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí wọ́n súnmọ́ ara wọn. Bí mẹ́ta bá jẹ́ 150, tí ẹ̀kẹrin jẹ́ 90, ẹ ti mọ ilé tí olè wà. Kí ó wá da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sí ihò náà, kó tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá gòkè, ríǹgì ló ti jẹ. Bí kò bá gòkè, ẹ wo fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ wákàtí kan nìyí, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ owó lọ́wọ́ àdánù.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń sọ pé òun fẹ́ ẹ́ńjìnì tuntun, ohun kékeré ló ń ṣe é. Ojú títì wa láti Sango dé Ìdíìrókò, eruku ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Asẹ́ afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń lò fún oṣù púpọ̀ níbòmíràn lè dí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan níhìn-ín. Ẹ máa ṣí i wò, kí ẹ má yọ ọ́ sọnù, nítorí iyanrìn ni á máa lọ ríǹgì yín. Àyè ẹnu púlọ́ọ̀gì jẹ́ nǹkan bí 0.6 sí 0.8 mílímítà fún ọkọ̀ àtijọ́ oníkọ́ńtáàkì, ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìsinsìnyí sì tó 1.1. Kí wọ́n fi irin òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ojú lásán. Búrẹ́ẹ̀kì tó há mọ́ táyà àti táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó ń jẹ agbára ọkọ̀ láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnì ṣẹ̀. Fáànù 504 pàápàá, mágínẹ́ẹ̀tì ló ń gbá a mú nígbà tí omi bá gbóná, tó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tó bá tutù. Àwọn tó fi bóòtù dè é pa, ẹ́ńjìnì wọn ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lásán láti àárọ̀ dalẹ́.

Bí gbogbo èyí bá ti dára tí agbára kò sì tíì tó, nígbà náà ni ká sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì ńlá. Ẹ jẹ́ ká tún lo 504. Ẹ́ńjìnì 1.8 rẹ̀ àti 2.0 rẹ̀, ibi tí písítìnì ń rìn dé lókè àti nísàlẹ̀ kò yàtọ̀: mílímítà 81 ni méjèèjì. Fífẹ̀ ni ó yàtọ̀, ti 1.8 jẹ́ mílímítà 84, ti 2.0 jẹ́ 88. Mílímítà mẹ́rin péré, ṣùgbọ́n ó sọ 1,796 di 1,971, nítorí pé bí kòtò bá fẹ̀ díẹ̀, ohun tó ń gbà á pọ̀. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé, agbára púpọ̀ jáde. Fún oníṣòwò, agbára tó ń fa ẹrù nígbà tí ọkọ̀ ń rọra lọ ṣàǹfààní ju eré sísá lọ. Ẹ má sì gbàgbé kúlọ́ọ̀ṣì, rẹdiétọ̀ àti búrẹ́ẹ̀kì: ọkọ̀ tó lè gbé ẹrù sáré gbọ́dọ̀ lè dá a dúró.

Ẹni tó bá ń lọ ra ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, kó mú géèjì àti mẹkáníìkì tirẹ̀ lọ, kó ṣí ìdérí ọ́ìlì wò. Bí ó bá rí nǹkan funfun bí ẹ̀kọ níbẹ̀, omi lè ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Kí ó gba ìwé ẹ́ńjìnì náà, kó sì lọ ṣe àtúnkọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ìwé ọkọ̀ ní ọ́fíìsì láísẹ́ǹsì, kó má di pé ọlọ́pàá ń bi í léèrè lójú títì.

Ti tọ́bò, Alfred Büchi ará Switzerland ló kọ́kọ́ gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1905: èéfín tó ń jáde ló ń yí fáànù kan tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnì. Ó dára nínú ọkọ̀ dísù tí wọ́n ṣe é mọ́. Kí a wá gbé e lé ẹ́ńjìnì tí wọn kò ṣe fún un, a kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó fún ìyẹn. Ọkọ̀ oníbíréènì-bọ́ọ̀sì náà, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ohun tó ń ṣe é, kó tó di pé wọ́n ń pààrọ̀ nǹkan kan tẹ̀lé òmíràn.

Láti 29 oṣù karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà tí a ń rà ní nǹkan bí 190 náírà fi fò kọjá 480 ní Èkó láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ ń béèrè nípa gáàsì CNG. Ó dín owó epo kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gáàsì ń gba ààyè afẹ́fẹ́ nínú ẹ́ńjìnì, agbára sì máa ń dín díẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹni tó ń kó ẹrù wúwo yóò mọ̀ ọ́n lára. Ìfúnpọ̀ inú sílíńdà náà tó nǹkan bí 200 bar, èyí tó ju ti táyà ọkọ̀ kékeré lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 100. Ní oṣù kẹwàá 2024, ọkọ̀ kan bú ní ìlú Bìní níbi tó ti ń gba gáàsì, àwọn aláṣẹ sì sọ pé sílíńdà tí wọn kò fọwọ́ sí, tí wọ́n ti jó, ni ó ń lò. Ibùdó tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni kí ẹ lọ.

Ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ti fẹnu kò pé láti ìsinsìnyí, ẹni tó bá ń béèrè owó ẹ́ńjìnì á mú ìwé tí mẹkáníìkì kọ òǹkà géèjì ihò kọ̀ọ̀kan sí wá, pẹ̀lú àwọn púlọ́ọ̀gì àtijọ́ nínú ike. Ẹgbẹ́ ti ra géèjì kan, ó wà lọ́dọ̀ wa ní ọ́fíìsì. A kì í gbowó lórí rẹ̀, ẹ kàn fọwọ́ síwèé ni. Ẹni tó bá mú un lọ láàárọ̀, kó dá a padà kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, nítorí ẹlòmíràn ń dúró dè é.