Wọ́n Pààrọ̀ Inú Ọkọ̀ Oníná, Wọn Kò Sọ fún Ẹni Tó Sanwó

Kò sí alágbàdo kan ní Kétu, ìlú Alákétu, ọmọ Ẹ̀dẹ, ìlú tí Àkàbà Ìdènà ti ń ṣọ́ ẹnu bodè rẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wa, tí kò mọ̀ pé a lè fi owó lé ọjà kí oníbàárà kùn díẹ̀ kí ó sì rà á, ṣùgbọ́n pé ẹni tí ó bá pààrọ̀ igbá tí ó fi ń wọn àgbàdo láìsọ fún ẹnikẹ́ni ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́, bí igbá tuntun náà tilẹ̀ tóbi ju ti àtijọ́ lọ. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó wà lónìí láàrin àwọn tí ń ra ọkọ̀ tí ń fi iná mànàmáná rìn àti àwọn tí ń rọ ọ́, ó sì yẹ kí àwa tí a wà lórí òkè pẹrẹsẹ yìí, láti Sákété dé Pọbẹ̀ dé Kétu, tètè lóye rẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2017 ni Tesla, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ Model 3 lé àwọn olùrà lọ́wọ́. Nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde, èyí tí ẹni tó rà á bá san àfikún owó lé lórí nítorí ẹwà inú rẹ̀, aṣọ kan tí a ń pè ní Alcantara ni a fi bo àjà rẹ̀ lókè orí, aṣọ tí ó kúnná tí ó sì rọ̀ lọ́wọ́. Kò sì pẹ́ tí àwọn tí ọkọ̀ tiwọn dé lẹ́yìn náà fi gbójú sókè tí wọ́n rí aṣọ mìíràn tí kò tó o níbẹ̀, ni wọ́n bá fi igbe ta. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn Alcantara yóò rò pé awọ ẹran ni a fi dù wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Miyoshi Okamoto, ọmọ ilẹ̀ Japan, ni ó ṣe irú aṣọ náà ní ilé-iṣẹ́ Toray ní ọdún 1970, ilẹ̀ Ítálì ni a sì ti ń ṣe é títí di òní. Fọ́nrán polyester tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tí a fi polyurethane so pọ̀, ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn náà ń sunkún sí, nígbà náà, ni ohun tí wọ́n ti fi ojú rí, tí wọ́n ti fi ọwọ́ kàn, tí wọ́n sì torí rẹ̀ yọ owó lápò.

Kí ló fà á? Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ a máa kó àyípadà jọ títí ọdún yóò fi yí, wọn a wá polongo ọkọ̀ ọdún tuntun, tí olùrà yóò fi mọ̀ pé ti èṣí yàtọ̀ sí ti ọdún yìí. Tesla kì í dúró de ọdún: ìgbà tí ẹ̀yà tuntun bá wà ní sẹpẹ́ ni wọ́n ń tò ó mọ́ ọkọ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ méjì tí wọ́n jẹ́ orúkọ kan náà, tí oṣù díẹ̀ péré wà láàrin wọn, lè má jọ ara wọn nínú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní ọdún 2021 tí wọ́n yọ ohun tí ń ti ìbàdí lẹ́yìn kúrò lára àga ẹni tí ó jókòó ti awakọ̀. Ìgbà tí ariwo ti ta tán ni Elon Musk, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ wí ní gbangba pé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ fi hàn pé ènìyàn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lò ó, àti pé kò yẹ fún owó àti ìwúwo tí ó ń fi kún ọkọ̀. Ní ìparí ọdún kan náà, nígbà tí ọ̀wọ́n gógó bá àwọn chip tí í ṣe ọpọlọ ọkọ̀, àwọn mìíràn gba ọkọ̀ tí kò ní ihò USB tí a fi ń gba iná sí fóònù.

Àlàyé ọ̀gá náà lè jẹ́ òtítọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti wí pé àìfẹnipeni, àìfèèyànpèèyàn, ní í mú ará oko sán bàǹtẹ́ wọ̀lú. Ẹni tí ìbàdí ń dùn, tí ó torí àga yẹn yan ọkọ̀ yẹn fún ìyàwó rẹ̀, kò sí nínú ìṣirò tí a fi iye ìgbà ìlò ṣe. Ẹ wá wo bí nǹkan ti rí nígbà tí a bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ní oṣù kẹfà ọdún 2019, níwájú àwọn tí ó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà, Musk yìí kan náà sọ pé àwọn ń gbìyànjú kí awọ ẹran kúrò nínú Model 3 àti Model Y, ó sì jẹ́wọ́ pé ìdarí ọkọ̀ ni ó le jù, nítorí ooru tí a ń fi sí i àti bí yóò ṣe pẹ́ tó. Ẹni tí ó fẹ́ awọ ti gbọ́, ó sì mọ ibi tí yóò gbà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Nígbà mìíràn ohun tí a pààrọ̀ ju aṣọ lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn olùrà kan ní ilẹ̀ Ṣáínà rí i pé kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú Model 3 wọn jẹ́ ti àtijọ́, nígbà tí ìwé tí ó bá ọkọ̀ náà wá ń sọ pé ti tuntun ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn kòrónà ni ó dí ọ̀nà tí ẹ̀yà ń gbà dé, ó sì ṣèlérí láti pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójútó iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ṣáínà pè é, ó sì pàṣẹ fún un pé kí ó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ní èrò tèmi, ìjọba náà ṣe ohun tí ó tọ́, nítorí ìwé tí a fi lé olùrà lọ́wọ́ ni àdéhùn, àìsàn kò sì lè sọ irọ́ inú rẹ̀ di òtítọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó òkè òkun ni èyí, kí ó wo ojú títì. Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti mú ìrànwọ́ orí epo kúrò ní Nàìjíríà ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí kpayo, epo fàyàwọ́ tí ń ti ibẹ̀ wá, sì gbówó lórí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn zémidjan, àwọn tí ń fi alùpùpù gbé èrò, ni ó ti ń wo alùpùpù oníná bí irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Spiro gbé dé, tí a ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ dípò kí a ra epo. Ọkọ̀ náà ń bọ̀ lẹ́yìn alùpùpù, tòkúnbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn yóò sì jẹ́, láti èbúté Kùtọnu, lẹ́yìn tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta ti lò ó ní ibòmíràn. Ẹni tí ó bá rà á kẹ́yìn ni àyípadà tí a kò kéde yóò dùn jù: mẹ́káníìkì yóò kọ̀wé béèrè ẹ̀yà, èyí tí ó bá orúkọ ọkọ̀ mu yóò dé, kò sì ní wọlé. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kò sì ṣojúure sí awọ àtọwọ́dá tí a fi ń rọ́pò awọ ẹran, nítorí ìrì inú afẹ́fẹ́ a máa tú polyurethane díẹ̀díẹ̀ títí ojú àga yóò fi máa bó. Kò yẹ kí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ó jókòó lé nígbà tí ó bá bó tán.

Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní òfin tí ń dáàbò bo oníbàárà, òfin 2007-21 ti ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2007. Nàìjíríà ní tirẹ̀ tí ó jẹ́ ti ọdún 2018. Òfin kì í bá ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́ rojọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Kétu àti gbogbo ọmọ Oòduà tí ẹ bá ń lọ ra ọkọ̀ oníná, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ń tà á kọ oṣù àti ọdún tí a rọ ọ́ sílẹ̀, kí ó kọ nọ́ńbà ara ọkọ̀, kí ó kọ ohun tí a fi ṣe àga àti àjà rẹ̀ pẹ̀lú irú bátìrì tí ó gbé, kí ó sì fọwọ́ sí i, kí ẹ tó ka owó fún un.